Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Wọ́n Kọ Sínú Ìwé Ẹjọ́

Èmi ni mo ba ẹjọ́ wa jẹ́ kí ẹjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kankan, mi ò tọwọ́ bọ ìwé, mi ò sì jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Mo kàn dọ̀bálẹ̀ ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn níwájú ọkùnrin tí ìjọba ìlú rán wá láti wọn báráńdà wa kí wọ́n lè wó o. Mo fi àyà kanlẹ̀, mo fi àgbọ̀n kanlẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí títí, ó yọ bírò lápò, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ohun tó kọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ìyá bàbá mi kúrò ní Abidjan. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á pè mí ní Tọ́ntọ́n, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò òbí níbẹ̀, wọ́n á ní, "Báwo lèèyàn ṣe ń fi ìkíni pàdánù ilé?" Èmi á ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ, ìyẹn náà, ojú fèrèsé ni mo ń wò ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà bí Yorùbá mi bá ń fi ẹsẹ̀ kọ Faransé, ẹ bá mi gbé e mọ́ra. Mi ò sì ní dárúkọ àdúgbò wa. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti kú, àwọn mìíràn ti kó lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ̀rù mi pé wọ́n ti lọ. Títí di òní, bí mo bá rí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀, ọwọ́ mi á ti wọ àpò lọ wá káàdì ìgbélùú kí ọlọ́pàá náà tó wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n.

Ọdún tó ṣáájú ogun ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò mọ̀ nígbà yẹn pé ogun ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwa àti àwọn ìdílé mìíràn la jọ ń gbé àgbàlá kan. Tiwa ni yàrá kan àti báráńdà tó wà níwájú, tó kọjú sí títì. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Adjamé Roxy. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti máa ń jáde kó lè bá bọ́ọ̀sì tí kò tíì kún. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí i, ló ni Roxy gan-an, torí òun ló bẹ̀rẹ̀ òwò náà níbẹ̀, òun ló sì mú ọmọ rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wú bí àgbọn, kò lè gun bọ́ọ̀sì mọ́. Ìyẹn ló mú kí bàbá mi kan pákó yí apá kan báráńdà ká fún un. Ẹ̀yìn pákó yẹn ló ń sùn, iwájú pákó ló pàtẹ abọ́ àti bùtà sí. Bí mo bá dijú báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń gbọ́ ni òrùka rẹ̀. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, á jókòó sórí àpótí, á máa fi òrùka ìka rẹ̀ kan abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún kíín, kò sí nǹkan tó ṣe é. Èyí tó bá dún kọ̀, ó ti là níbì kan tí ojú ò rí, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì sọ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á pé, "Èyí ò pé o, ìyẹn ló ṣe dínwó." Atẹ́gùn á gbé òórùn epo wá láti ilé ìfọpo ní Vridi, ìyá mi á ti máa dín ẹja lẹ́yìn ilé, òórùn méjèèjì á pàdé lójú ẹnu ọ̀nà wa, títí di òní n kò lè gbóòórùn epo ọkọ̀ kí ebi má pa mí. Iṣẹ́ tèmi ni láti pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, kí n sì fi àkísà nu eruku ara bùtà. Bùtà ò lópin. Èyí tí mo nù láyé mi tó fi ṣe àlùwàlá fún gbogbo Mẹ́kà.

Ìyá Àgbà ò kàwé, ṣùgbọ́n òfin ìkíni rẹ̀ le ju òfin ìjọba lọ. Àwa ọmọkùnrin, bí a bá ti rí ewú lórí ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ni. "Ẹ lọ sílẹ̀ ná," ni á wí, "ẹ ó béèrè orúkọ rẹ̀ tó bá yá." Òun náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ti ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ìbáà jẹ́ bùtà kan ṣoṣo, oníbàárà rẹ̀ ni títí ayé, á sì máa kúnlẹ̀ kí i. Mo ti rí i tó kúnlẹ̀ fún ọmọge tí kò tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Orúnkún tó ń dùn ún yẹn náà ló fi ń kúnlẹ̀. Ìyá mi á ní, "Ìyá, ẹ fẹnu kí wọn náà, ó tó." Òun á ní, "Ṣé ẹnu ni mo fi gba owó wọn?" Á wá gbá àpótí rẹ̀ mú, á máa mí hẹlẹ hẹlẹ títí tí yóò fi dìde, oníbàárà á sì dúró bí ẹni tó ṣẹ̀. Àwọn Dyula àdúgbò wa fẹ́ràn rẹ̀ fún un, àwọn ọmọ Baoulé ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, kò sì sí èyí tó kàn án nínú méjèèjì.

Mẹ́rí la máa ń pe ọ́fíìsì ìjọba ìlú níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn ará mẹ́rí wá, ìyá mi ti mú Ìyá Àgbà lọ gba abẹ́rẹ́ orúnkún, bàbá mi wà ní Roxy, èmi nìkan ni wọ́n fi sídìí àtẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló dé, ọ̀kan gbé agolo ọ̀dà pupa dání. Ẹni kẹta wọn jẹ́ àgbà, orí rẹ̀ funfun bí òwú, ó mú okùn ìwọnlẹ̀ onírin lọ́wọ́. Òun ni gbogbo àdúgbò wá ń pè ní Bàbá Mítà nígbà tó yá. Ó fa okùn náà láti òpó báráńdà wa dé etí gọ́tà, ó wò ó, ó mirí, ó yíjú sí mi. Faransé ló fi bi mí. Ó ní, "Ọmọ, ibi tí o dúró sí yìí, ilẹ̀ ilé yín ni àbí ojú títì?" Mo gbọ́ ọ. N kò ní parọ́ fún yín pé Faransé náà ló ṣòro. Mo mọ̀ pé ìdáhùn kan wà tó máa gbà wá, òmíràn sì wà tó máa pa wá, mi ò kàn mọ èwo lèwo. Mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ kọ̀. Ojú mi wá bọ́ sí ewú orí bàbá náà, bí àpò gaàrí tó ya sì ni mo ṣe lọ sílẹ̀. Ṣé ìkíni ni àbí ẹ̀rù? Ọdún yẹn tán tí mi ò mọ̀, mo sì lè sọ pé mo dàgbà tán tí kò fi dá mi lójú. Bàbá náà ní, "Ó dáa, dìde." Ó kọ nǹkan tó kọ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin fi ọ̀dà fa àgbélébùú pupa sára òpó wa, wọ́n sì ré kọjá sí ilé tó kàn.

Nígbà tí ìyá mi dé tó rí ọ̀dà pupa náà, ó káwọ́ lérí. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ó na ẹsẹ̀, ó bi mí pé, "Àgbà wà nínú wọn?" Mo ní, "Ó wà, mà." "Ṣé o kí i?" "Mo dọ̀bálẹ̀, mà." "O káre, Àlàó." Ó ní kí ìyá mi bu ẹja tó tóbi jù sórí atiẹkẹ́ mi, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ibẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo ṣe gba ẹ̀bùn lórí iṣẹ́ tó fẹ́ wó ilé wa nìyẹn. Ẹja náà dùn. Mi ò ní tìtorí ẹjọ́ sọ pé kò dùn.

Onílé wa, ọkùnrin Ébrié kan, kò ga, ohùn rẹ̀ ló ga. Àwọn baba rẹ̀ ló ni ilẹ̀ àdúgbò wa kí ẹnikẹ́ni tó máa pe ibẹ̀ ní Abidjan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló dúró níwájú òpó náà tó ń fi ọwọ́ gbá a. "Anàgó!" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pe bàbá mi, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀. "Anàgó, baba tó bí mi ló ri òpó yìí. Títì ló wá bá òpó, òpó ò wá bá títì! Àwa méjèèjì ń lọ sílé ẹjọ́." Bàbá mi ní, "Pàtírọ́ọ̀nù," ìyẹn ọ̀gá, "àlejò ni mí." Onílé ní, "Ta ló bi ọ́? Ilé mi ni wọ́n fẹ́ wó, ìwọ lò ń gbé inú rẹ̀. Lọ wọ aṣọ rẹ." Bàbá mi wọ aṣọ rẹ̀. Mo rò pé ohun tó mú un lọ ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ rárá fún ẹni tó ń pariwo. Èmi náà jogún rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Roxy gbọ́, wọ́n sì fi ṣeré. Ọ̀kan tó ń ta kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú, ó jókòó sórí ẹní wa, ó ní, "Múfú, ìwọ ló fẹ́ pe ìjọba lẹ́jọ́? Pẹ̀lú káàdì ìgbélùú? Ṣé ìlú yìí ti sú ọ ni, kí á bá ọ wá ọkọ̀?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń fa etí fìlà rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọ́n rò pé mo ti sùn. Bàbá mi ní, "Bí wọ́n bá wó báráńdà, Ìyá ò níbi tí wọ́n á sùn. Yàrá yìí ò gbà wá báyìí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n á lọ." Ìyá mi ní, "Ta ni wọ́n mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́? Gbogbo ẹni tí wọ́n ń dárúkọ, òkú ni." Pákó ò nípọn, Ìyá Àgbà ti gbọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní kí n fa àpótí páànù òun jáde lábẹ́ ibùsùn. Ó nù ún, ó ká ìró kan sínú rẹ̀, ó ní kí n tì í padà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ti ilé ìwé dé, àpótí náà ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí wò, bí mo bá sì bá aṣọ tuntun kan nínú rẹ̀, àyà mi á já. Ìyá Àgbà ló ń bá mi rán ẹ̀wù mi bí mo bá fà á ya, òun ló ń gbà mí lọ́wọ́ ẹgba, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń sùn bí òjò bá ń sán àrá. Ẹ̀yin ẹ ṣe bí mo ti dàgbà tó láti má bẹ̀rù àrá? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ nípa ilé ẹjọ́ tẹ́lẹ̀ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ jù ni kó sọ fún ọ kí o padà wá. Ìyá mi á lọ agbádá bàbá mi lóru, á fi irin eléèédú lọ̀ ọ́ títí tí yóò fi le gbagidi, bàbá mi á wọ̀ ọ́ lọ bí ẹni tó ń lọ kírun ọdún. Ní ìrọ̀lẹ́, á dé, ọrùn aṣọ náà á ti rọ. Ìyá mi á ní, "Ṣé wọ́n dá a?" Á ní, "Wọ́n sún un." Adájọ́ ò wá. Wọ́n sún un. Agbẹjọ́rò mẹ́rí ń ṣàìsàn. Wọ́n sún un. Ìwé onílé ò ní òǹtẹ̀. Wọ́n ní kó lọ tẹ̀ ẹ́, nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n ní òǹtẹ̀ yẹn kọ́, wọ́n sì sún un. Tó bá yá, ìyá mi ò béèrè mọ́. Á kàn wo ọrùn aṣọ náà, á gbé omi ìwẹ̀ fún un. Onílé tí ohùn rẹ̀ ga náà wá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀dà pupa ara òpó pàápàá ṣá, ó di àwọ̀ osùn, àwọn ọmọdé sì ń fi òpó náà ṣe ibi ìfarapamọ́ bí wọ́n bá ń ṣeré. Mo ti dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé ìbínú kì í pẹ́ nílé ẹjọ́. Àárẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, òun ló ń pààrọ̀ ìjókòó pẹ̀lú gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi dé, kò jẹun. Ó pè mí, ó ní kí n jókòó; mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, torí pé dídúró ni wọ́n máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ràfíù, kí lo ṣe fún àwọn ará mẹ́rí lọ́jọ́ tí wọ́n wá?"

"Mo kí wọn, sà."

"Báwo lo ṣe kí wọn?"

"Mo dọ̀bálẹ̀, sà."

"Kí ni wọ́n bi ọ́ kí o tó dọ̀bálẹ̀?"

Mo wo ìyá mi. Ìyá mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, bàbá mi mí kanlẹ̀, ó wá ka ohun tí wọ́n kà létí rẹ̀ nílé ẹjọ́ fún wa láti orí. Bàbá Mítà ti kọ ọ́ pé nígbà tí òun bi olùgbé ibẹ̀ bóyá ojú títì ni báráńdà náà wà, olùgbé ibẹ̀ na gbalaja sílẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì. Olùgbé ibẹ̀! Èmi tí mi ò tíì lè fi ọwọ́ kan gbé bùtà ńlá. Adájọ́ ti ní ìwé onílé àti ìwé mẹ́rí ò borí ara wọn, ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun fẹ́ mọ̀: ṣé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti fúnra wọn gbà pé ojú títì ni? Bí wọ́n bá ti gbà, kí wọ́n wó o. Bí wọn ò bá gbà, kí mẹ́rí fi òpó wọn sílẹ̀. Ẹjọ́ tó ti gbé gbogbo agbádá yẹn jẹ, ó wá kù sórí àyà mi tó kan iyanrìn. Bàbá mi ò nà mí. Mo gbà á ládùúrà pé kó nà mí, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Ó kàn ní, "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kí ará mẹ́rí kankan nínú ilé yìí. Ẹnikẹ́ni."

Ìyá Àgbà ń fi òrùka kan abọ́ ní tirẹ̀. Kíín. Kíín. Ó ní, "Èmi ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ̀yin gan-an."

"Ó ti ra bùtà lọ́wọ́ mi."

Òtítọ́ ni. Bàbá Mítà máa ń gba iwájú wa kọjá láràárọ̀ lọ mu kọfí ní kíọ́sì tó wà ní oríta, ó sì ti dúró lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ìtìjú, ó ra bùtà aláwọ̀ ewé kan. Láti ìgbà náà ni Ìyá Àgbà ti ń kúnlẹ̀ fún un. Bàbá mi ní, "Ìyá, ọ̀tá wa nilé ẹjọ́ ni! Gbogbo ìgbà tí ẹ bá kúnlẹ̀ fún un, ẹ ń gbà fún wọn pé a jẹ̀bi, ojú gbogbo ayé ni." Ìyá Àgbà ní, "Ilé ẹjọ́ lẹ ti jẹ́ ọ̀tá. Níbí, oníbàárà mi ni." Bàbá mi ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ máa bá ara yín o!" Kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde bẹ́ẹ̀, mo rí i bó ṣe fẹ́ fi ọwọ́ gbá a padà. Ìyá Àgbà gbé abọ́ kan, ó kàn án, ó dún kọ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kò jáwọ́. Láràárọ̀, bí Bàbá Mítà bá ti yọ, á gbá àpótí rẹ̀ mú, á kúnlẹ̀. Èmi ní tèmi ti lọ fara pamọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, mo bẹ̀rù pé bí mo bá rí ewú yẹn, ara mi á tún lọ sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Mo máa ń di ìdí dúrọ́ọ̀mù mú pinpin bí ẹni tí odò fẹ́ gbé lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí gbogbo rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, bàbá náà máa ń yíjú sí òdìkejì títì, á yára kọjá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ní Dyula, "Màmá, í ní sògómà," ẹ káàárọ̀ tiwọn nìyẹn. Nígbà tó tún yá, bó bá rí i tí Ìyá Àgbà ń wá ọ̀nà láti dìde tí orúnkún ń kọ̀, á rìn wọlé sábẹ́ báráńdà tó fẹ́ wó yẹn, á fi ọwọ́ gbé e lápá, á ní, "Màmá, dìde, dìde," á sì lọ mu kọfí rẹ̀. Ìyá mi rí i, kò sọ fún bàbá mi. Èmi náà ò sọ. A ti rí i pé ohun tí a bá sọ nílé yẹn, ìwé ló ń bọ́ sí.

Adájọ́ wá ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú olùgbé náà wá, kí ìyá àgbà tó ń sùn níbẹ̀ náà wá sọ ìgbà tó ti bá òpó náà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí páànù. Mo yọjú wo inú àpótí náà: aṣọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. A ti ń bọ̀ síta nígbà tí Bàbá Mítà ń kọjá lọ síbi kọfí, ó gbé fáìlì tirẹ̀ sábẹ́ apá. Bàbá mi ní, "Ìyá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín." Ìyá Àgbà ti wà nílẹ̀. Pẹ̀lú aṣọ tuntun. Bàbá Mítà gbé e dìde, ó gbọn iyanrìn orúnkún rẹ̀, kò lè wo ojú bàbá mi, ó sì lọ.

Nílé ẹjọ́, fáànù ń yí lókè, kò tu ẹnikẹ́ni lára. Obìnrin ni adájọ́, ó fi gíláàsì sí góńgó imú. Ó ní, "Olùgbé náà dà?" Mo dìde. Àwọn èèyàn wò mí láti òkè délẹ̀, kò gbà wọ́n ní àkókò, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ fi ìwé bo ẹnu. Ó yí sí Bàbá Mítà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ní, "Ṣé ọmọ yìí sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ náà?" Bàbá Mítà ní, "Rárá, Madame. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ń déédéé dọ̀bálẹ̀ fún òṣìṣẹ́ mẹ́rí. Èébú ni wọ́n máa ń fún wa." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Agbẹjọ́rò mẹ́rí, ọkùnrin gíga kan nínú aṣọ dúdú, sún mọ́ mi, ó ní, "Ìwọ, kí nìdí tí o fi dọ̀bálẹ̀?" Mo wo adájọ́ kó gbà mí. Ewú kan ṣoṣo ń tàn níwájú orí rẹ̀.

Mo ti wà nílẹ̀ kí n tó mọ̀. Simẹ́ńtì ibẹ̀ tutù, mo rántí. Agbẹjọ́rò na ọwọ́ sí mi bí ẹni tó ń fi ọjà hàn, ó ní, "Madame, ẹ ò rí i? Ó tún ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ò jàre." Adájọ́ ní, "Dìde, ọmọ. Sọ fún mi: ṣé o ń kí mi ni, àbí o ń bẹ̀ mí?" Mo dìde. Mo la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Ṣé mo ń kí i? Ṣé mo ń bẹ̀ ẹ́? Ẹ̀rù ló bà mí, ìkíni ló sì wà lára mi, àwọn méjèèjì jọ ń gbé ibì kan náà, n kò mọ ọ̀nà láti pín wọn. Bàbá mi tẹ orí ba. Onílé ń wo fáànù. Adájọ́ kọ nǹkan kékeré kan, ó wá ní kí wọ́n pe ìyá àgbà, kí ògbufọ̀ Dyula dúró tì í, torí Dyula ló ń fi tajà, kò gbọ́ Faransé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ síbí, torí lẹ́yìn ohun tí mo fẹ́ sọ, kò sí nǹkan mìíràn. Wọn ò wó báráńdà náà lọ́dún yẹn. Ogun dé, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń béèrè káàdì lójú ọ̀nà, bàbá mi ń ti Roxy dé kí oòrùn tó wọ̀, Ìyá Àgbà sì ń fi òrùka kan abọ́ nísàlẹ̀ òpó yẹn. Ẹ̀yìn pákó náà ló kú sí, nínú oorun, lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àpótí páànù rẹ̀ ò dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fi ń kó irinṣẹ́ sí báyìí. Nígbà tó pẹ́, mẹ́rí mìíràn wá gbẹ́ gọ́tà ńlá, wọ́n mú ìwé tó pé wá, wọ́n gbé báráńdà náà lọ lọ́sàn-án gangan. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó ti rẹ̀ wá, ẹni tí à bá tìtorí rẹ̀ jà sì ti lọ.

Ìyá Àgbà rìn bọ̀ láàárín bẹ́ǹṣì, ó ń di èjìká àwọn èèyàn mú. Ó dé iwájú. Kó tó kọjú sí adájọ́, ó rí oníbàárà rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá mi dijú. Ìyá Àgbà di etí bẹ́ǹṣì mú, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú Bàbá Mítà. Agbẹjọ́rò mẹ́rí ti la ẹnu, ó ti na ọwọ́ bó ṣe nà án sí mi. Ṣùgbọ́n ara bàbá arúgbó yẹn ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti dìde, fáìlì ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti di Ìyá Àgbà lápá mú bó ṣe máa ń ṣe lábẹ́ báráńdà, ó sì sọ̀rọ̀ ní Dyula láìrántí ibi tó wà. Ògbufọ̀, tí wọ́n ní kó máa túmọ̀ gbogbo ohun tó bá gbọ́, gbé ohùn sókè, ó túmọ̀ rẹ̀ fún adájọ́:

"Màmá, ẹ dìde, ẹ ti kí mi láàárọ̀ yìí."